Ẹ má tíì ra ọ̀dà: ìdáhùn fún akọ̀wé tó bèèrè nípa ère sìmẹ́ǹtì iléèwé wọn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́-jáde iléèwé girama kan ní Èkìtì. Ère sìmẹ́ǹtì kan wà níwájú gbọ̀ngàn wa, obìnrin tó pọnmọ, tó sì di ìwé mú. Ohun tí a gbọ́ ni pé bíríkìlà ọmọ ìlú ló mọ ọ́n ní nǹkan bí 1964, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ìgbà náà ló yàwòrán rẹ̀ fún un. Ọrùn rẹ̀ gùn gbọọrọ, kò ní ẹyinjú, àwọn ọmọ iléèwé sì ń pè é ní Ìyá Ọlọ́rùn-Gígùn. Ó ti sán, irin ti yọ síta lọ́wọ́ tó fi di ìwé mú, ewédò ti bo èjìká òsì rẹ̀. Ẹgbẹ́ ti dá owó láti fi ọ̀dà aláwọ̀ góòlù kùn ún kí ayẹyẹ ọdún tó ń bọ̀ tó dé. Àwọn kan ní òrìṣà ni, ká wó o, ká ra tuntun tí wọ́n fi fáíbà ṣe. Ṣé ère yìí tilẹ̀ níyì? Báwo la ṣe lè tọ́jú rẹ̀?

Ìdáhùn: Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó tó ń bọ̀. Mo mọ bí owó ẹgbẹ́ ṣe máa ń rí: ó ṣòro kó tó jáde, bó bá sì jáde tán, akọ̀wé ni gbogbo ayé ń wò lójú. Síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra ọ̀dà. Bí ẹ bá ti rà á, ara ògiri gbọ̀ngàn ni kí ẹ kùn ún sí.

Fọ́tò mẹ́rin lẹ fi ránṣẹ́ sí mi, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì jẹ́ ti iwájú. N kò dá yín lẹ́bi. Bí gbogbo wa ṣe ń ya ère nìyẹn, bí ẹni ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Ṣùgbọ́n ère ìta gbangba ní ẹ̀yìn, ó ní ẹ̀gbẹ́, ó sì ní àkókò tó ń dára jù lójú. Nítorí náà, kí n tó sọ̀rọ̀ irin àti ìsán, iṣẹ́ kékeré kan wà tí mo fẹ́ rán yín. Ẹ lọ bá ìyá yìí ní nǹkan bí aago méje àárọ̀, kí ẹ tún padà lọ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, kí ẹ yí i ká. Lọ́sàn-án gangan, oòrùn á dúró sórí rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ á rí pẹrẹsẹ. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ìgbà náà lẹ ó rí ohun tí ọ̀dà góòlù yẹn fẹ́ bò mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo fẹ fọ́tò kejì lójú kọ̀ǹpútà, mo rí ibi tí bíríkìlà ti fi àtàńpàkò fa ọ̀já ìpọnmọ náà láti ìbàdí wá sí àyà, ní fífà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kò gbọ́wọ́ kúrò. Mo rí ibi tó ti fi etí ṣíbí tó fi ń rẹ́ ilé gé ìṣẹ́po gèlè. Lábẹ́ àgbọ̀n, ó jọ pé sìmẹ́ǹtì ti ń gan mọ́ ọn lọ́wọ́, ló wá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a kó lè mú. Sìmẹ́ǹtì tí a bá ti pò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárín wákàtí bíi méjì, ó ti ń le. Ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín ń pè ní ara págunpàgun, eré tí ọkùnrin yẹn bá àkókò sá ló wà níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ náà wà. Kò sí òmíràn tó fara pa mọ́ sábẹ́ rẹ̀ tí ẹ ó fi ọ̀dà mú jáde.

Ẹ bèèrè bóyá ó níyì. Bó bá ṣe ti owó, kò sí. Ta ni yóò ra sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀ níwájú gbọ̀ngàn? Ẹ tilẹ̀ dúpẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rí, n óò padà síbẹ̀. Iyì rẹ̀ wà nínú ìgbà tí wọ́n mọ ọ́n.

Láti ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ti parí títí dé ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira, ńṣe ni ilẹ̀ yìí ń kọ́lé bí ẹni tí wọ́n ń lé: iléèwé, ilé ìfowópamọ́, ilé-iṣẹ́ mànàmáná, yunifásítì. Ní 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iléèwé girama bíi tiyín ló sì gba àwọn ọmọ tó ti ibẹ̀ jáde. Àwọn tó ń kọ́ ilé wọ̀nyẹn kò fẹ́ kí ó dà bí báráàkì. Wọ́n ń gbé ère síwájú ilé, wọ́n ń gbẹ́ ọnà sí ilẹ̀kùn, wọ́n ń fi sìmẹ́ǹtì ṣe àwòrán sára ògiri, kí ẹni tó ń gba ojú títì kọjá lè rí i láìsan kọ́bọ̀. Obìnrin tó pọnmọ tó tún di ìwé mú, níwájú iléèwé girama, ní 1964! Mélòó nínú àwọn ìyá tí wọ́n mú ọmọ wọn wá síbẹ̀ lọ́dún yẹn ló lè ka ìwé? Ẹni tó yàwòrán rẹ̀ mọ ohun tó ń sọ.

Ti ọrùn gígùn ńkọ́? Bí ẹ bá dé Èkó, ẹ yà sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Oníkan, kí ẹ wo Anyanwu, ère idẹ tí Ben Enwonwu ṣe ní 1954 sí 1955. Ọmọ Onitsha ni Enwonwu, bàbá rẹ̀ gbẹ́gi lére, òun náà sì kẹ́kọ̀ọ́ ní Slade, iléèwé iṣẹ́ ọnà kan ní London. Anyanwu ni wọ́n ń pe oòrùn lédè Ìgbò. Bí a bá tú u, ojú oòrùn ni. Obìnrin tín-ín-rín kan ni, adé ìlẹ̀kẹ̀ irú ti Ìyọba, ìyá ọba Benin, wà lórí rẹ̀, ara rẹ̀ ń gùn, ó ń gùn, bí ẹni pé oòrùn ló ń fà á jáde nínú ilẹ̀. Kò sóbìnrin tí ara rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀. Bí Enwonwu bá ṣe é ní ìwọ̀n ènìyàn, obìnrin tó dúró jẹ́ẹ́ la ó rí. Yíyọ oòrùn ló fẹ́ ká rí. Ní 1966, Nàìjíríà fi irú rẹ̀ kan ta Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́rẹ ní New York. Ó dá mi lójú pé olùkọ́ iṣẹ́ ọnà yín mọ Enwonwu, ó kéré tán nínú ìwé ìròyìn, torí kò sí olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ìgbà náà tí kò mọ̀ ọ́n.

Kò sì pọn dandan ká rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Àwọn agbẹ́gilére wa kì í sábà fi ìwọ̀n ara ènìyàn ṣe ère. Orí ère Yorùbá sábà máa ń tó ìdá mẹ́rin gbogbo gíga rẹ̀, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, orí ènìyàn gidi kò sì tó ìyẹn rárá. Ẹni tó bá dìde nípàdé tó ní ère yín kò jọ ènìyàn, ẹ bi í léèrè pé ère ìbejì tó wà nílé ìyá-ìyá rẹ̀, ta ló jọ?

Ní ti bíríkìlà yín, Òṣogbo ni mo ti mọ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ayé àwọn Àgùdà tó padà bọ̀ láti Brazil ni bíríkìlà ilẹ̀ yìí ti ń mọ kìnnìún sìmẹ́ǹtì sórí pẹ́tẹ́ẹ̀sì àwọn ọlọ́lá, iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí nǹkan kan. Ulli Beier, ará Jámánì tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà Yorùbá, ló pe àwọn bíríkìlà pé kí wọ́n mọ ẹranko sìmẹ́ǹtì wá kí òun wò ó. Adébísí Àkànjí wà lára wọn. Bó ṣe di pé ọkùnrin tó ń rẹ́ ògiri ilé onílé di ọ̀kan nínú àwọn tó mọ ère àti ògiri Igbó Ọ̀ṣun nìyẹn, pẹ̀lú Susanne Wenger, ará Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, tí a wá mọ̀ sí Àdùnní Olóòrìṣà. Àwọn agbẹ́gi àti agbẹ́kùúta bíi Kasali Akangbe Ogun àti Buraimoh Gbadamosi náà wà níbẹ̀. Irin, amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì ni wọ́n lò, irú èyí tó wà lọ́jà. Ẹnu-ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí ìjàpá ń fò lórí rẹ̀. Mo ti lè wò ó tó ogún ìgbà, mo ṣì máa ń dúró. Ìjọba sọ igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún gbogbo àgbáyé ní 2005. Ṣíbí tí wọ́n fi ń rẹ́ ilé ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. N kò sọ pé tiyín tó ti Òṣogbo o. Mo ní ilé-iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ti jáde.

Ọ̀rọ̀ òrìṣà wá kàn. Ẹ má fi ẹ̀rín gba ẹni tó sọ ọ́, ẹ má sì purọ́ fún un. Òtítọ́ ni pé ti Igbó Ọ̀ṣun, ojúbọ ni. Ẹni tó bá sọ pé iṣẹ́ ọnà lásán ni, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo Marina l'Ékòó. Ní 1964, ọdún tí ẹ pè yìí gan-an, wọ́n gbé ère idẹ Ṣàngó síwájú olú ilé-iṣẹ́ mànàmáná, Enwonwu ló tún ṣe é. Ọmọ Ìgbò ló mọ Ṣàngó fún àwọn oníná, torí pé ta ni ká tún fi ṣe àmì iná mànàmáná bí kì í bá ṣe ọkọ Ọya? Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ àlùfáà àti ọ̀pọ̀ pásítọ̀ ti san owó iná níbẹ̀, n kò tíì gbọ́ pé ẹnì kan pa àgbò sídìí rẹ̀. Tiyín kò tilẹ̀ ní oṣé Ṣàngó lọ́wọ́, ìwé ló dì mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún rántí fi àmì ohùn sí orúkọ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Mo fura pé ìdajì ìjà yìí, ọ̀dọ̀ ẹni tó ka “Iya Olorun” lórí WhatsApp láìsí àmì ló ti bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ ìnagijẹ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lójú mi. Àwọn ará wa tó wà ní London lè lọ wo ère idẹ kan tí Henry Moore, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà ará England, ṣe, tí wọ́n ń pè ní Old Flo, obìnrin tó jókòó, tí aṣọ wé mọ́ ọn lára. Nígbà ogun, tí bọ́ǹbù Jámánì ń bọ́ lu ìlú, Moore ti yàwòrán àwọn tó sùn sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ara. Ọmọ àwọn àwòrán yẹn ni ère yìí. Ní 1962 wọ́n gbé e sáàárín àwọn ilé gogoro tí ìjọba kọ́ fún mẹ̀kúnnù ní Stepney, Moore sì bu owó rẹ̀ kù fún wọn. Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ ní Old Flo. Nígbà tí wọ́n wó àwọn ilé náà, ère lọ sí Yorkshire ní 1997. Ní 2012, ìjọba ìbílẹ̀ tí Stepney wà lábẹ́ rẹ̀ fẹ́ tà á, wọ́n ní ó lè pa ogún mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Ariwo ta, ọ̀rọ̀ dé kóòtù, ní 2017 ó padà wá sí ìlà-oòrùn London. Lójú tèmi, bí orúkọ rẹ̀ bá jẹ́ kìkì èyí tó wà nínú ìwé, wọn ì bá ti tà á. Ta ni yóò ké fún “obìnrin tó jókòó”? Flo ni wọ́n ké fún.

Ibẹ̀ ni mo tún ti fẹ́ mú ọ̀rọ̀ owó wá. Idẹ lówó lórí, ìyẹn sì ni ìṣòro rẹ̀. Ní 2005, àwọn olè gbé ère mìíràn tí Moore ṣe, tó lé ní tọ́ọ̀nù méjì, lọ ní Much Hadham ní England. Ohun tí ọlọ́pàá gbà ni pé wọ́n yọ́ ọ tà bí irin àlòkù. Ní 2011, wọ́n gé ère idẹ kan tí Barbara Hepworth ṣe kúrò lórí ìdúró rẹ̀ ní Dulwich Park ní London. Kò sí olè tó máa wá gbé Ìyá Ọlọ́rùn-Gígùn. Àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀ nìkan ló lè ṣe é léṣe.

Mo sọ èyí torí pé èmi náà ti ṣe é. Ó ti tó ogún ọdún báyìí. Wọ́n pè mí sí ère kan tí wọ́n fi amọ̀ mọ inú rẹ̀ tí wọ́n wá fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, ara rẹ̀ ti ń ṣí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi ìdálẹ́kọ̀ọ́, ara mi yá gágá. Mo po sìmẹ́ǹtì tó le dáadáa, mo fi rẹ́ gbogbo ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń dán, àwọn àgbà sì gbàdúrà fún mi. Òjò ọdún méjì kò tíì rọ̀ tán tí ìrẹ́ mi fi ṣí kúrò bí èèpo ẹyin bíbọ̀, ó sì ká imú ère àtijọ́ lọ pẹ̀lú. Sìmẹ́ǹtì tó le jù lórí ohun tó rọ̀, omi ló máa há sáàárín wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún yín ní irú agbára bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo fọ́tò yín kẹta. Lókè, ẹ ó rí ọ̀pá tó ń gbé omi òjò wá láti òrùlé gbọ̀ngàn. Ibo ló dà á sí? Èjìká ìyá náà ni. Ewédò tí ẹ ní ó bo èjìká kan, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Èjìká kejì gbẹ fúrúfúrú. Ọ̀pá yẹn ló ń ba ère yín jẹ́, ó sì ṣeé ṣe kó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti pààrọ̀ páànù. Ẹ pe púlọ́ḿbà lọ́la, kó yí i sí ibòmíràn. Owó rẹ̀ kò tó owó agolo ọ̀dà kan, òun sì ni iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Nígbà tí omi bá dáwọ́ dúró, ewédò á gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọṣọ tó rọ̀ àti omi lásán fọ ìyókù. Búrọ́ọ̀ṣì onírin, ásíìdì, omi tí ń sọ aṣọ di funfun, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò: kò gbọdọ̀ sí èyíkéyìí níbẹ̀.

Ní ti irin tó yọ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ lè ṣàlàyé fún ìgbìmọ̀. Nígbà tí sìmẹ́ǹtì ṣì tuntun, ó ń dáàbò bo irin tó wà nínú rẹ̀. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún. Ọdún dé ọdún, afẹ́fẹ́ ń wọ inú sìmẹ́ǹtì díẹ̀díẹ̀, ó sì ń pa agbára yẹn. Lọ́jọ́ tó bá kan irin, tí omi náà wà ńlẹ̀, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún. Ìpẹtà a sì máa wú. Àyè tó ń gbà fi ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju ti irin tó ti wá. Kò ríbi gbà, ló bá ti sìmẹ́ǹtì síta. Ìka ọwọ́ àti etí ìwé ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, torí pé ohun tó bo irin níbẹ̀ kò nípọn tó ìbú ìka ọmọdé. Bí ẹ bá kùn ún lọ́dà, ìpẹtà kò ní mọ̀. Á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀, ọ̀dà á sì há omi tó yẹ kó gbẹ mọ́ inú.

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń kan ìkòkò lọ́jà kí wọ́n tó sanwó? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ fi oríkèé ìka kan ara ère náà jẹ́jẹ́, láti ìdí dé orí. Ibi tó bá dún kó, kó, ó mú dáadáa. Ibi tó bá dún bò, bò, awọ ti ṣí kúrò lára ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú pẹ́ńsùlù, kí ẹ fa ìlà kékeré sí òpin ìsán kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ déètì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ìsán bá ti kọjá ìlà yẹn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó ń rìn, ẹ tètè wá ènìyàn. Bí kò bá kúrò lójú kan, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo mọ ìsán tó ti dàgbà ju mi lọ tí kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ ṣa gbogbo ègé tó bá ti já bọ́, ó kéré ó tóbi, sínú páálí kan, kí ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i sára rẹ̀. Ẹni tó bá máa tún un ṣe yóò ṣí ojú ìsán náà, yóò ha irin títí á fi dán. Èyí tí ìpẹtà bá ti jẹ dé ìdajì, yóò fi irin tí kì í dógùn-ún rọ́pò rẹ̀. Kó lọ bu yanrìn ní odò tí bíríkìlà ti bu tirẹ̀ bí ẹ bá ṣì mọ̀ ọ́n, torí yanrìn ló ń fún sìmẹ́ǹtì ní àwọ̀. Kó po díẹ̀díẹ̀ sórí pákó, sìmẹ́ǹtì kan sí yanrìn mẹ́rin tàbí márùn-ún, kó jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ère nínú oòrùn wò. Èyí tó bá bá a mu ni kó lò. Oṣù Kọkànlá ló dára jù, lẹ́yìn òjò, kí ọyẹ́ tó mú gan-an, nítorí ọyẹ́ á fa omi inú sìmẹ́ǹtì tuntun gbẹ kí ó tó mú. Kó fi àpò ìdọ̀họ tútù bo ibi tó ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Mo mọ̀ pé àgbà kan yóò dìde nípàdé pé, “Ṣebí àwọn baba wa náà máa ń kun ojúbọ lọ́dọọdún?” Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Àwọn obìnrin ló ń fi ẹfun, osùn, èédú àti omi ewé kun ògiri ojúbọ ní ọ̀tun kí ọdún òrìṣà tó dé. Ṣùgbọ́n kíkùn yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Wọ́n mọ̀ pé òjò á fọ̀ ọ́, àwọn ni wọ́n ó sì tún un kùn lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tí wọ́n fi ń kùn ún kì í dí ihò èémí ògiri. Ní Òṣogbo náà, wọ́n ń tún ère mọ, àwọn tó mọ ọ́n àti àwọn tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ló sì ń tún un mọ, ọwọ́ wọn mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Tiyín, ẹni ẹyọ kan ló mọ ọ́n, kò sì kọ́ ẹnì kankan ní títún un mọ. Ọ̀dà àkọ́kọ́ á dí ojú àtàńpàkò yẹn díẹ̀. Góòlù á di rádaràda lẹ́yìn òjò bíi mélòó kan, ẹ ó tún kùn ún, bí ẹni ń fi àtíkè lé àtíkè. Nígbà tó bá di ìgbà kẹrin, ère tiyín àti èyí tí wọ́n fi fáíbà ṣe á ti di ọ̀kan náà.

Àfi bó bá jẹ́ pé wọ́n kùn ún láti ìbẹ̀rẹ̀ o. Ó ṣeé ṣe. Ọ̀pọ̀ kìnnìún orí pẹ́tẹ́ẹ̀sì ní ọ̀dà lára. Ẹ wá ibi tí kò hàn, bíi abẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fi abẹ ha ibi tó tó ojú kọ́bọ̀ kan jẹ́jẹ́. Bí àwọ̀ kankan bá wà níbẹ̀, ẹ dúró, kí ẹ kọ̀wé sí mi kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Ohun kan tún wà tí ẹgbẹ́ yín ní tí mi ò ní. Iléèwé wo ni kì í ya fọ́tò ìjáde níwájú ère? Ẹ kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ pé kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, pàápàá àwọn àgbà, wá fọ́tò àtijọ́ wọn jáde, kí wọ́n kọ ọdún sí i. Láti inú rẹ̀ lẹ ó ti mọ bí ọwọ́ tó di ìwé mú ṣe rí kí ó tó kán, àti ọdún tí ìsán bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ilé bíríkìlà náà lọ pẹ̀lú. Bó bá ti kú, ẹ bi àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, torí mo ṣàkíyèsí pé nínú lẹ́tà yín, ẹni tó yàwòrán jẹ́ olùkọ́, ẹni tó mọ ère sì jẹ́ “bíríkìlà ọmọ ìlú”. Àwọn méjèèjì yẹ kó wà lórí pátákó kan náà. Ẹ sì kan pátákó yẹn mọ́ ògiri, ẹ má kàn án mọ́ ìyá náà láyà.

Ẹ lè kọ̀wé sí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójútó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, èyí tí òfin 1979 dá sílẹ̀, kí orúkọ ère yín lè wà nínú fáìlì kan. Ẹ má sùn lé e ṣá. Ilé Ìlọ́jọ́ tó wà ní Tinúbú l'Ékòó ti jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956, ní Sunday kan nínú oṣù Kẹsàn-án 2016 ni katakátá wó o lulẹ̀. Ìwé kò lè di ọwọ́ katakátá mú. Àwọn ọmọ tó ń sá lọ síbi ìyá náà ní àkókò ìsinmi, tí wọ́n mọ ìnagijẹ rẹ̀, àwọn ló lè pariwo kí ó tó wó.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ti púlọ́ḿbà. Lẹ́yìn náà, ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ fi rúlà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsán tó tóbi jù kí n lè mọ bó ṣe fẹ̀ tó, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi kí ìpàdé yín tó pé.